Ojú Ìwé Mẹ́rìndínlógún

Bí ẹ bá bi obìnrin yìí pé iṣẹ́ kí ló ń ṣe, kò ní sọ fún yín pé yàrá káàdì ilé ìwòsàn lòun ti ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò níbẹ̀, láàárín àwọn pẹpẹ tí wọ́n to káàdì aláìsàn sí láti ilẹ̀ títí dé òkè àjà, tó ń gun àkàbà lọ sókè sódò kó lè fa nọ́ńbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè láti ojú fèrèsé. Kò ní mẹ́nu bà á. "Òǹkọ̀wé ni mí," lohun tó máa sọ, á sì gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ẹ kí òun kú iṣẹ́. Ìwé ìtàn márùn-ún ló ti kọ, owó ara ẹ̀ ló sì fi tẹ gbogbo ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti gbà fún un. Ìyá Oníwèé ni wọ́n ń pè é, tọmọdé tàgbà.

Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ pé ọdún mẹ́wàá, ó jókòó, ó ń yẹ ara ẹ̀ wò. Ṣé ó ti tẹ̀ síwájú, àbí kò tẹ̀ síwájú? Ìwé kìíní, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dà ló tẹ̀. Ìkejì, ọ̀ọ́dúnrún. Ìkẹta, igba. Ìkẹrin, ọgọ́rùn-ún. Ìkarùn-ún, àádọ́ta péré, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹlòmíì á ní ẹ̀yìn ló ń rìn sí. Òun ò gbà. Ó ní òǹkàwé tòótọ́ kì í pọ̀, pé ìwọ̀nba tí òun ní tó òun, torí wọ́n kà á, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré o. Òun ló fi ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀: pé àwọn èèyàn kan wà láyé tí wọ́n ti ka òun.

Ìwé àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló gbójú lé. Ìtàn obìnrin kan tó ń tọ́jú ọkọ ẹ̀ tó ń ṣàìsàn ni, gbogbo ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ló mọ̀ pé ìtàn ara ẹ̀ ló kọ. Ọkọ ẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tí ìyàwó ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ló kú sí, ìyàwó yìí ló sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tuntun kan tí ò mọ̀ ọ́n yọjú lójú fèrèsé, ó pe nọ́ńbà kan, ó ní, "Ẹ bá mi fa káàdì yẹn, ká pa á dé." Ní yàrá káàdì, tí wọ́n bá ní kí wọ́n pa káàdì dé, ẹni tó ni ín ti kú nìyẹn. Wọ́n á kọ àsìkò sí i, á kúrò lórí pẹpẹ, á bọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀. Ó mọ nọ́ńbà yẹn lórí. Ó gun àkàbà, ó fa káàdì ọkọ ẹ̀, ó nà án sí nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tì í wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà yẹn, kò lè fi ẹnu sọ ọ́. Kò sọ fún ọmọ tó bí, kò sọ fún ìyá tó bí i. Inú ìwé ló kọ ọ́ sí, ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó lọ kà á níbẹ̀.

Ìyìn tí wọ́n sì yìn ín kì í ṣe kékeré. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, òun náà ló sọ̀rọ̀ lórí ìwé náà fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ tí wọ́n kó o jáde. Àbúrò ẹ̀ obìnrin, onídìrí, ń sọ ọ́ kiri títí dòní pé òun sunkún títí ojú òun fi wú níbi tí ọkọ yẹn kú sí. Kí lèèyàn tún ń wá?

Ló bá pinnu pé òun á tún un tẹ̀, kí ọdún mẹ́wàá má kọjá lọ lásán. Òǹtẹ̀wé ní kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ti kú pátápátá, kó mú ẹ̀dà kan tó mọ́ wá, kó sì fi bírò pupa sàmì sí gbogbo àṣìṣe tó bá rí. Nígbà tó di Sátidé, tó fọṣọ tán, ó fa páálí ìwé àkọ́kọ́ jáde, ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ìwé.

Ẹ̀yin náà lè bi mí pé, ṣé kò kà á láti ọdún mẹ́wàá ni? Kò kà á o! Ẹni tó ti da nǹkan kọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, tó ti wò ó títí ojú ń ta á, ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìtẹ̀wé, ó wo èèpo ẹ̀, ó wo fọ́tò ara ẹ̀ lẹ́yìn, ó ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú lẹ́ẹ̀mẹrin, ó pa á dé. Ẹni tó bá ti kọ ìwé rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó ń kà á bọ̀, ó ń sàmì sí i, inú ẹ̀ ń dùn. Ibòmíì wà tó kà tó ní, "Èmi ni mo kọ èyí?" Ó dé ojú ìwé ọgọ́rin. Ọkọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ìyàwó fún òun lómi, ìyàwó dìde. Ó ṣí ojú ìwé tó kàn. Ojú ìwé márùndínláàádọ́rin ni. Ọkùnrin tó ń kú lọ ti dìde jókòó, ó ń wọ bàtà, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Kí lèyí?" Ó ṣí i lọ. Gbogbo ohun tó ti kà tẹ́lẹ̀ ló tún ń kà, títí ó fi dé ọgọ́rin lẹ́ẹ̀kejì, ìyàwó tún dìde, ó tún fẹ́ bu omi. Ó ṣí i. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún! Opó ń gbálẹ̀ nínú yàrá, ọkọ ti kú láti oṣù mẹ́ta.

Ó mú òmíràn nínú páálí, ó mú ẹ̀kẹta. Mọ́kànlá ló ṣí, ọgbọọgba ni wọ́n. Odindi ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ni kò sí níbẹ̀, láti mọ́kànlélọ́gọ́rin dé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Fèrèsé yẹn, àkàbà yẹn, kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, kò sí ìkankan. Èyí tó fọwọ́ kọ ńkọ́? Ẹ̀yìn káàdì àlòkù ló kọ ọ́ sí, òjò ọdún kẹrin lẹ́yìn tó tẹ̀ ẹ́ ti wọlé bá a, gbogbo ẹ̀ ti jẹrà. Ó jókòó síbẹ̀, bírò pupa wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò mọ ibi tóun máa sàmì sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kò tíì dé ibi iṣẹ́ tó ti ya ilé ìtẹ̀wé. Òǹtẹ̀wé wo ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó họrí.

"Màmá, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀." Ó mú un lọ sídìí tábìlì gígùn kan. Bébà ńlá kan ló ń gba ojú ìwé mẹ́rìndínlógún. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á ká a, wọ́n á to òkìtì òkìtì sórí tábìlì, òkìtì kìíní, ìkejì, ìkẹta, títí lọ. Àwọn tó ń ṣà á á wá máa yí tábìlì po, wọ́n á mú ẹyọ kan lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, ìwé kan ti pé. "Òkìtì karùn-ún ni wọ́n gbé sí ààyè méjì. Ẹni tó ń ṣà á kì í kà á, ọwọ́ ẹ̀ ló ń yá."

"Òkìtì kẹfà wá dà?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Bébà tó bá ti ṣẹ́ kù, a máa ń kó o fún àwọn tó ń ta ìṣó lójú ọ̀nà ọ̀hún ni. Wọ́n máa ń fi di ọjà."

Ẹ gbọ́ mi o! Ikú ọkọ ẹ̀ tí kò lè sọ fún ọmọ bíbí inú ẹ̀, wọ́n ti fi pọ́n ìṣó oní-ínṣì mẹ́ta. Àwọn kàfíńtà ti tú u, wọ́n ti jù ú sílẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Òǹtẹ̀wé rí i pé ojú ẹ̀ ti yí padà, ó yára ń ṣìpẹ̀. "Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Ọjọ́ méjì la fi ṣa ìwé yẹn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rí i lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sì tún un tò. Ó lè jẹ́ pé èyí tó burú ló kù sílé yín. Ẹ rò ó wò: ọdún mẹ́wàá rèé, ẹnì kan ò wá bá mi pé ìwé yìí ò pé. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹnì kan wá bá yín?"

"Rárá."

"Ẹ rí i? Àwọn tó kà á, tiwọn pé ni."

Àánú ló ń ṣe é tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin yìí sì gbá ọ̀rọ̀ náà mú pinpin. Òótọ́ ni! Àbúrò ẹ̀ sunkún níbi tí ọkọ yẹn kú sí. Báwo lèèyàn ṣe máa sunkún níbi tí kò sí? Ẹ̀dà ti àbúrò ẹ̀ pé. Ẹ̀rín pa á lójú ọ̀nà, ó ń rín in lóun nìkan.

Nígbà tó ṣíwọ́ iṣẹ́, ilé àbúrò ẹ̀ ló gbà lọ. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun wà níwájú ilé, oníbàárà kan jókòó, orí ẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tó ń mú irun gbẹ, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Àǹtí mi! Ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ìwé mi àkọ́kọ́, gbé e wá fún mi."

Àbúrò ẹ̀ wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé e jáde. Inú àpótí gíláàsì ló wà, láàárín àwọn tánńganran tí wọn kì í fi jẹun. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtẹ̀wé ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ya ọ̀rá yẹn. Ìwé náà ń ró páu páu bó ṣe ń ṣí i, ó tún ń rùn bíi tuntun. Ọgọ́rin. Márùndínláàádọ́rin.

Ó pa á dé. Ó rọra bi í pé, "Níbo lo ti sunkún?"

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ọdún mẹ́wàá lo fi ń sọ pé o sunkún níbi tí ọkọ yẹn kú sí. Fi hàn mí. Ibo ló kú sí?"

Onídìrí wo oníbàárà, ó wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó fi aṣọ ìnura nu ọwọ́ tí kò tutù. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ọkọ yín kú. Tí mo bá ti rí ìwé yẹn báyìí, mo máa rántí wọn, bí wọ́n ṣe máa ń fọn fèrè ọkọ̀ níwájú ilé wa. Ẹkún yẹn, ẹkún tòótọ́ ni. Ìwé ni mi ò kà."

"O ò kà á."

"Ẹ̀yin náà ẹ wo iṣẹ́ mi! Àárọ̀ dalẹ́ ni mo fi ń dúró. Mo ka ẹ̀yìn ẹ̀."

Ẹ̀yìn ẹ̀! Ìlà mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ẹ̀, fọ́tò ló gba ìyókù. Ìyá Oníwèé gbé ìwé sílẹ̀ lórí ìjókòó, ó jáde. Kò bá a jà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìbínú ò tíì dé nígbà yẹn, pé ẹ̀gbọ́n òun ló ṣì kù, ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí ìwé fún ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lórí ìwé tó bẹ́ẹ̀ ti ní láti kà á.

Ó bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ níbi tó ti ń gbọ́ rédíò nínú pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti gbọ́n díẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, nínú ìwé mi àkọ́kọ́, báwo ni ọkọ yẹn ṣe kú?"

Baba náà yí rédíò wálẹ̀, ó tún jókòó dáadáa, ó bọ́ sí ohùn tó máa ń lò níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. "Hà, ibẹ̀ jinlẹ̀. Ó kú ní ìrọ̀rùn, lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀. Ó ń súre fún un. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ní ibẹ̀ ni ìwé náà ti ga jù."

"Kò sírú ẹ̀ níbẹ̀."

"Báwo?"

"Mi ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo sì kọ, kò sí nínú ìwé. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ni wọn ò tò sí i. Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò kà á."

Ẹlòmíì á tọrọ àforíjì. Ìyẹn kọ́. Ohùn ilé ẹ̀kọ́ yẹn tún le sí i. "Ìwọ yìí, ta ló ń ka ìwé tí wọ́n bá kó jáde? Tí wọ́n bá ń kówèé jáde, wọ́n ń pe èèyàn ni, èèyàn sì ń lọ. A wá àbí a ò wá? Gbọ̀ngàn kún àbí kò kún? Mo wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn, mo dúró fún ogójì ìṣẹ́jú, mo gbé ẹ ga lójú gbogbo èèyàn. Ta ló máa ṣe é fún ẹ tí kì í bá ṣe èmi? O wá jókòó níwájú mi, o ń bi mí ní ìbéèrè bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò!"

Ohun tó dun obìnrin yìí jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Wọ́n wá lóòótọ́. Gbogbo wọn wá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbé ìwé sábẹ́ abíyá lọ sílé. Òun ló ka wíwá wọn sí kíkà. Bí òun náà bá sì fẹ́ sọ òótọ́, ṣé òun ti ka ìwé ẹnì kankan tí wọ́n pe òun sí ìkójáde ẹ̀ rí? Ó lọ, ó rà á, ó gbé e sílẹ̀. Gbogbo wa là ń ṣe é. Kì í dun ẹnikẹ́ni, àfi tó bá jẹ́ ìwé tiẹ̀ ni wọn ò kà.

Ìbínú wá dé wàyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, tó bá ti ṣíwọ́, ilé àwọn tó ra ìwé lọ́jọ́ náà ló ń lọ. Kò ṣàlàyé, á kàn ní òun fẹ́ wo ìwé òun. Ilé méje. Ẹnì kan fi ti ẹsẹ̀ tábìlì tí kò dọ́gba. Ẹnì kan ò rántí pé òun rà á rí. Ẹnì kan, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbé e jáde pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó ní, "Ìyá Oníwèé, ìwé yìí tún ayé mi ṣe." Ìyá Oníwèé ṣí i. Bébà méjì tí ẹ̀rọ ò gé dáadáa ṣì lẹ̀ mọ́ra ní ojú ìwé kọkànlá. Kò tilẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Ó dá ìwé padà fún un, ó ní ó ṣeun.

Ẹnì kan ló kù tó mọ ilé ẹ̀, alágbàfọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà ní òpópónà kejì. Díẹ̀ ló kù kó má lọ. Tí àwọn ọ̀mọ̀wé ò bá kà á, kí ni alágbàfọ̀ fẹ́ fi ṣe? Ohun tó rò lọ́kàn nìyẹn, mi ò fi tèmi kún un.

Ọkùnrin náà ń lọ ṣòkòtò lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Aṣọ funfun kọ́ sára ògiri títí dé ẹ̀yìn, ilé ń móoru, òórùn sítáàṣì gba gbogbo ibẹ̀. Bó ṣe rí i, ó gbé áyọ́ọ̀nù nà ró, ó dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀. "Ìyá Oníwèé! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ mà pẹ́ kẹ́ ẹ tó wá."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ìwé kan ni mo bá wá, ìwé mi àkọ́kọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà lọ́wọ́ yín."

"Ó wà." Kò wá a rárá. Ó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì tó ti ń lọ aṣọ, ó fà á yọ.

Èèyàn ti ka èyí! Èèpo ẹ̀ ti já, páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń fi sínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ká ni wọ́n gé, tí wọ́n fi rán èèpo mìíràn fún un. Etí bébà ti rọ̀, gbogbo ẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí aṣọ àlòpẹ́. Obìnrin yìí yára ń wá ọgọ́rin. Ó rí i. Ó ṣí i.

Márùndínláàádọ́rin.

Ó wá ibi jókòó lórí ìdì aṣọ ìdọ̀tí. Alágbàfọ̀ wo ibi tó ṣí, ó mi orí.

"Ibẹ̀ náà ni," ó ní. "Ibẹ̀ náà lèmi náà bi yín léèrè nígbà yẹn."

"Ẹ bi mí? Nígbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ kó o jáde. Ẹ ò rántí? Ẹ̀ ń lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò lọ́jọ́ náà, aṣọ búlúù tí mo lọ̀ fún yín lẹ wọ̀, èèyàn mẹ́ta wà lẹ́yìn yín. Mo sáré bá yín lójú ọ̀nà, mo ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin inú ìwé yìí ń kú lọ, ó tún dìde, nígbà tó yá wọ́n ní ó ti kú, mi ò rí ibi tó kú sí.' Ẹ wá ní..." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣòkòtò tó wà níwájú ẹ̀ tò.

"Kí ni mo ní?"

"Ẹ ní ìwé ò dà bí aṣọ, pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń hàn síta nínú ẹ̀. Ẹ ní kí n lọ wá ẹni tó kàwé kó bá mi ṣàlàyé ẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé yín rẹ́rìn-ín. Ẹ tún sọ ọ́ lórí rédíò, pé alágbàfọ̀ kan ò rí ibi tí ọkùnrin yẹn kú sí. Mo gbọ́ ọ níbí yìí. Àwọn oníbàárà mi wà níjòókòó."

Kò sọ ọ́ tìbínú tìbínú. Ì bá sàn kó bínú. Ìyá Oníwèé rántí gbogbo ẹ̀ pátá: aṣọ búlúù, ẹ̀rín, àti bí ẹni tó ń darí ètò rédíò yẹn ṣe rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́, tí inú òun fi ń dùn pé òun pa èèyàn lẹ́rìn-ín lórí afẹ́fẹ́. Ojú tì í débi pé ó ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀.

"Mo wá lọ tún un kà," alágbàfọ̀ ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kà á. Mo ní ibi tó kú sí wà níbẹ̀ dandan, orí mi ni kò gbé e."

"Àwọn ìwé mi yòókù ńkọ́?"

"Hà, rárá o, Màmá. Mo ti fi ìwé sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná, màá ti ka ojú ìwé mẹ́ta. Ìwé èyíkéyìí tí mo bá ti rí ni. Lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá ti ṣí ìwé báyìí, ara mi kì í balẹ̀, mo máa ń rò pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń rí tí èmi ò ní rí. Mo wá ní kí n kúkú fara mọ́ iṣẹ́ mi."

Òǹkàwé kan ṣoṣo tó ní láyé ẹ̀ nìyí, tó dúró síwájú ẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlòmíì lọ́wọ́, òun fúnra ẹ̀ ló sì lé e kúrò nídìí ìwé. Ó lè dìde kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Orúkọ tó ní ní àdúgbò á ṣì wà bó ṣe wà. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń yí èèpo páálí yẹn lọ́wọ́, nígbà tó yá, ó sọ ọ́.

"Kò sí níbẹ̀."

"Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Ibi tó kú sí. Àwọn òǹtẹ̀wé gbé òkìtì bébà kan sí ààyè òmíràn. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ò sí nínú ẹ̀, nínú gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá lèmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Òótọ́ lẹ sọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ forí jì mí."

Alágbàfọ̀ gbé ṣòkòtò sílẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀, ọgọ́rin, ó wo èyí tó kàn, ó tún wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá bú jáde. Ó yíjú sí ẹ̀yìn ilé, ó fi gbogbo ohùn pe ìyàwó ẹ̀. "Wá o! Wá gbọ́! Ìwé ọjọ́sí! Kò sí níbẹ̀! Kò sí níbẹ̀ látilẹ̀, àwọn ni wọn ò fi sí i! Kì í ṣe èmi!"

Ìyàwó ẹ̀ yọ, ọṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀ dé ìgúnpá. "Kì í ṣe ìwọ?"

"Kì í ṣe èmi! Orí mi pé!" Ó ń fò sókè bí ọmọdé, ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ìyàwó ẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ìyá Oníwèé dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán. Gbogbo ara ẹ̀ ń sọ fún un pé ìgbà rèé. Ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ti dé ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, ẹni tó wá a lẹ́ẹ̀mẹfà ló sì dúró níwájú ẹ̀ yìí.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́," ó ní, "mo lè sọ fún yín báyìí. Bó ṣe kú."

Alágbàfọ̀ ti mú áyọ́ọ̀nù. Ó wò ó tàánú tàánú, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Ó ti pẹ́ jù, mi ò tiẹ̀ rántí ohun tí mo ń wá mọ́. Orí mi ni mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó pé." Ó wọ́n omi sí ṣòkòtò, ó ń lọ̀ ọ́ lọ, ó ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ orúkọ àwọn oníbàárà tó wà níjòókòó lọ́jọ́ rédíò yẹn, pé òun á sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kò sẹ́ni tó tún bi í ní nǹkan kan, Ìyá Oníwèé gbé báàgì ẹ̀, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó jáde.